Mọ́tò-ilé oní balùwẹ̀ méjì: bí ẹ ó ṣe yan èyí tó bá ìdílé yín mu

Bí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn wa ní Àbújá máa ń bi mí: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mọ́tò-ilé oní balùwẹ̀ kan tó, àbí oní méjì ni ká wá?" Kì í ṣe afẹ́ lásán ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n fẹ́ kó èèyàn mẹ́jọ láti Kubwa tàbí Lugbe lọ sí Ìlọrin, Adó-Èkìtì tàbí Ìbàdàn. Ìyá àgbà wà nínú ọkọ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta wà níbẹ̀, tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó mọ́ sì ṣọ̀wọ́n lójú ọ̀nà.

Mọ́tò-ilé tí mò ń wí ni ọkọ̀ tí bẹ́ẹ̀dì, ibi ìdáná àti balùwẹ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní motorhome. Àwọn kan ń ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù, àwọn mìíràn ń ra bọ́ọ̀sì, wọ́n á sì fún wẹ́dà àti káfíńtà ṣe. Ohun tí mo kọ síbí kan ìhà méjèèjì.

## Ìdáhùn kúkúrú

Ẹ má tíì ka balùwẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ ó ti máa da ìgbọ̀nsẹ̀ nù. Ní òkè òkun, ọgbà tí wọ́n ń páàkì irú ọkọ̀ yìí sí sábà máa ń ní ojú ihò tí wọ́n ṣe fún dída táǹkì. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó wá a. Balùwẹ̀ kejì sì sábà máa ń mú táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ kejì wá, pẹ̀lú páìpù kejì àti fáàfù kejì.

Bí ìdílé yín bá pọ̀, tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjì lẹ nílò. Ṣáwà méjì kì í fi bẹ́ẹ̀ pọn dandan. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, ibẹ̀ sì ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka orí, kí ẹ sì wo irú ẹni tó wà nínú ọkọ̀

1. Èèyàn 4 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, bàbá, ìyá àtọmọ: balùwẹ̀ kan tó, pàápàá bí tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti ṣáwà bá ní ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.
2. Èèyàn 5 sí 7: ẹyọ kan àbọ̀, ìyẹn balùwẹ̀ kan tó pé, àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì kejì tí kò ní ṣáwà.
3. Èèyàn 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjì pọn dandan.
4. Bí àna yín bá wà nínú ọkọ̀, tàbí tí ìyàwó àti bàbá ọkọ rẹ̀ jọ ń rìn, tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjì ni, iye yòówù kí wọ́n jẹ́. Ìtìjú ni yóò jẹ́ fún ìyàwó láti gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá ọkọ rẹ̀ lọ wẹ̀ lóru, ojú á sì ti bàbá náà pẹ̀lú.

Ẹ wo àgbà lọ́tọ̀. Ẹni tó ń dìde ní ìgbà mẹ́ta lóru gbọ́dọ̀ lè dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì láti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láìgun àtẹ̀gùn kankan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní àtẹ̀gùn kékeré sáàárín yàrá iwájú àti yàrá ẹ̀yìn, kò sì ní hàn nínú àwòrán.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣírò omi yín, kì í ṣe omi tiwọn

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí ní òkè òkun ń ṣírò fún ẹni tó ń fi tíṣù nùdí. Púpọ̀ nínú wa, omi la fi ń ṣàndí, ìdajì lítà ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, inú táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ ni omi náà sì ń lọ. Bákan náà ni omi àlùwàlá, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, kò sí nínú ìṣirò wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú èèyàn 8:

- Tọ́ílẹ́ẹ̀tì: ìgbà 5 lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lítà 1 fún ìṣàn, ìdajì lítà fún bútà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 60. Ẹ fi bíi lítà 2 kún un fún ohun tó ń ti ara ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde, ó di lítà 76.
- Ìwẹ̀: lítà 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wẹ̀ bá ń pa omi nígbà tó ń fi ọṣẹ pa ara. Lítà 80.
- Àlùwàlá: bí èèyàn 4 bá ń kírun, lítà kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ́ lítà 30.
- Àwo fífọ̀: lítà 20. Oúnjẹ àti mímu: lítà 10.

Omi mímọ́ tí ẹ ó lò lójúmọ́ jẹ́ lítà 200. Kẹ́ẹ̀gì oní lítà 25 mẹ́jọ nìyẹn, irú èyí tí àwọn mai ruwa ń tì kiri nínú kẹ̀kẹ́ wọn. Táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ oní lítà 150 kò ní pé ọjọ́ méjì gan-an tó fi kún. Bí ìwé ọkọ̀ Amẹ́ríkà bá sọ gálọ́ọ̀nù, ẹ fi 3.8 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ lè mọ iye lítà rẹ̀.

Ẹ rántí ìwúwo náà. Lítà omi kan, kílò kan. Táǹkì lítà 380 tó kún dà bí ìgbà tí àgbàlagbà márùn-ún tún wọ ọkọ̀, gbogbo wọn sì jókòó sójú kan náà.

Ohun kan rèé tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ kì í sọ: balùwẹ̀ méjèèjì sábà máa ń fa omi mímọ́ láti inú táǹkì kan ṣoṣo. Ìtò tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kan ló ń mú kí èèyàn wẹ̀ kíá. Bí ẹ bá ṣí ṣáwà kejì, omi ọjọ́ méjì lè tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ irú ètò tó wà

Ẹyọ kan àbọ̀. Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Balùwẹ̀ tó pé wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ńlá. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti báṣíǹ kékeré wà láàárín, nítòsí pálọ̀. Inú ọkọ̀ tó gùn tó mítà 11 sí bíi 13.7 lẹ ti sábà máa rí i. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé àlejò kò ní gba yàrá tọkọtaya kọjá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé tọ́ílẹ́ẹ̀tì àárín ni gbogbo ayé ń wọ̀ lọ́sàn-án. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní táǹkì tirẹ̀, ti àárín á ti kún bámúbámú nígbà tí ti ẹ̀yìn kò tíì dé ìdajì. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi ẹni tó ń tà á ni: "Ṣé táǹkì kan ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjèèjì ń lò, àbí méjì?"

Ìbéèrè kejì: báwo ni ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe ń dé inú táǹkì? Bí tọ́ílẹ́ẹ̀tì bá jókòó sórí táǹkì rẹ̀, ṣe ló ń já bọ́ síbẹ̀ tààrà. Bí ó bá jìnnà sí i, ẹ̀rọ kan wà tó ń lọ̀ ọ́ kúnná, tó sì ń tì í gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ẹ̀rọ náà ń lo iná bátìrì. Wáìpù ọmọdé kan ṣoṣo, òwú, tàbí páàdì obìnrin lè há a pátápátá, kì í sì í ṣe gbogbo pulọ́ḿbà ló mọ̀ ọ́n tú. Èyí tó ń já bọ́ tààrà ni mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn láti mú, àgàgà bí ọmọdé bá pọ̀ nínú ọkọ̀.

Méjì pípé. Ṣáwà méjì, tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjì. Àyè kábọ́ọ̀dù àti pálọ̀ ni wọ́n gé láti rí i ṣe. Ó yẹ fún ìdílé méjì tó jọ ra ọkọ̀ kan. Fún ìdílé kan ṣoṣo, n kò rí ìdí rẹ̀.

Ẹyọ kan tí wọ́n pín. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, ṣáwà ní tirẹ̀, báṣíǹ sì wà níta láàárín wọn. Ẹnì kan ń wẹ̀, ẹnì kejì wà ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ẹnì kẹta ń fọ eyín. Táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ kan ló ní. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà lè lò ó dáadáa, owó rẹ̀ sì kéré.

Balùwẹ̀ kan, pẹ̀lú tọ́ílẹ́ẹ̀tì onípótí. Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ojú ọ̀nà tiwa. Lábẹ́ ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà ni àpótí kékeré kan wà, bíi lítà 17 sí 20, tí wọ́n ń pè ní cassette. Ẹ ó fà á yọ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹ ó gbé e lọ sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé èyíkéyìí, ẹ ó dà á síbẹ̀, ẹ ó sì ṣàn án. Ẹ ò nílò ọkọ̀ afasókàwéè, ẹ ò nílò hóòsì. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ ní Lọ́kọ́ja, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá yà kí wọn ti tó. Àmọ́ ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀: bíi lílò mẹ́wàá, ó ti kún. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àgbà àti ọmọdé, pàápàá lóru.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi ẹfun ya á sílẹ̀

Kí ẹ tó lọ wo ọkọ̀ kankan, ẹ gba ìwọ̀n balùwẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ fi ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì yà á sórí kọnkéré àgbàlá yín. Ẹ gbé àga sí ibi tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà.

1. Kí ẹni tó sanra jù nínú ilé jókòó. Ó yẹ kí bíi 50 cm wà níwájú orúnkún rẹ̀ kí ó lè dìde láìforí sọ ilẹ̀kùn.
2. Kí obìnrin tó wọ ìró àti bùbá yí po nínú ibi tí ẹ yà. Ibi tí ìbú rẹ̀ kò tó 60 cm, ìró á máa gbá omi lára ògiri.
3. Ẹ ya ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí. Èyí tó ń ṣí sínú máa ń gbá tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Èyí tí a ń tì gba ẹ̀gbẹ́ ló dára jù.
4. Ẹ gbé bútà kalẹ̀. Ẹ wo ibi tí yóò máa gbé nígbà tí ọkọ̀ bá wọ kòtò.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ti slide wọlé, kí ẹ wá gbìyànjú láti dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá Amẹ́ríkà ló ní ògiri tó ń yọ síta bí ọkọ̀ bá ti dúró, tí wọ́n ń pè ní slide. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, ògiri náà á wọlé, bẹ́ẹ̀dì, àga àti kábọ́ọ̀dù á sì bá a wọlé, wọ́n á gba ojú ọ̀nà.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rà ní balùwẹ̀ kan àbọ̀. Ẹni tó tà á fún mi ti yọ slide síta kó tó pè mí wá wò ó, mo sì rí pálọ̀ tó gbòòrò tó ilé. N kò sọ pé kó tì í wọlé. Nígbà tí a dé ìtòsí Koton-Karfe, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa. Tírélà wà lọ́tùn-ún, tírélà wà lósì, ó kù díẹ̀ kí dígí wọn kan tiwa. Màmá mi ní àwọn fẹ́ tọ̀. Ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì àárín ṣí ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan péré, ó sì kọ́ àga pálọ̀. Ti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ti dí ọ̀nà rẹ̀. Màmá fi ọwọ́ kan di ìró wọn mú, wọ́n fẹ̀gbẹ́ wọ àlàfo náà, ọ̀já ìborùn wọn há mọ́ etí kábọ́ọ̀dù, wọn ò lè lọ síwájú, wọn ò lè padà. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjì la gbé sọ́kọ̀, a ò rí ọ̀kankan wọ̀, a ò sì lè yọ slide nítorí tírélà. Nǹkan bíi wákàtí méjì nìyẹn. N kò gbàgbé ojú wọn.

Bí ẹ ó ṣe dán an wò:

1. Kí ẹni tó ń tà á ti gbogbo slide wọlé lójú yín.
2. Kí ẹ̀yin fúnra yín rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn.
3. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ tì í.
4. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣeé lò láìsí ìdènà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ni mo ní lọ́kàn o. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dìde lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Kòtò kan ṣoṣo tó láti gbé èèyàn lu ògiri.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀

Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ tan iná fóònù. Bí balùwẹ̀ bá wà lẹ́yìn pátápátá, táǹkì àti páìpù ìdànù sábà máa ń wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, ibẹ̀ gan-an sì ni ìdí ọkọ̀ gígùn ti máa ń ha bọ́ńpù. Bọ́ńpù wà nínú gbogbo ẹ́sítéètì Àbújá, ó sì tún wà lẹ́nu abúlé kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà. Bí páìpù náà bá fọ́ nígbà tí táǹkì kún, gbogbo àdúgbò á mọ̀.

- Ẹ fi téèpù wọn láti ilẹ̀ dé páìpù tó rẹlẹ̀ jù. Bí kò bá tó 25 cm, kí wẹ́dà fi irin gbá a mọ́ra kí ọkọ̀ tó jáde.
- Ẹ wo ara táǹkì bóyá ó ti sán tàbí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́.
- Ẹ fa fáàfù kọ̀ọ̀kan síta, ẹ tì í padà. Èyí tó bá le koko ti ń bàjẹ́.
- Táǹkì tó wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ló dára jù fún ìwúwo.

Kí ẹ sì wọn géètì ilé yín àti ti ẹ́sítéètì, gíga àti ìbú rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ńlá wọ̀nyí lè ga tó mítà 4.

## Ìgbésẹ̀ 7: Iná àti ọwọ́ tí sítíárìn wà

Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń lo iná 120 volt, 60 hertz. Tiwa jẹ́ 230 volt, 50 hertz. Bí ẹ bá kì í bọ iná ilé tàbí ti jẹnẹrétọ̀ ilé yín bẹ́ẹ̀, ẹ ó jó éàkọ́ńdíṣọ̀n àti ẹ̀rọ agbómi-gbóná. Ẹ ra tiransifọ́mà tó ń dín iná kù. Ọkọ̀ Yúróòpù ń lo 230 bíi tiwa. Páǹpù omi sábà máa ń lo bátìrì 12 volt, kò ní wàhálà. Ẹ má ra ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì: ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn wọn wà, àwa sì ti ń wakọ̀ gba apá ọ̀tún láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972.

## Bí ẹ bá fẹ́ fi bọ́ọ̀sì ṣe é

Toyota Coaster gùn tó bíi mítà 7, ìbú rẹ̀ jẹ́ bíi mítà 2. Balùwẹ̀ méjì kò lè wọ inú rẹ̀ láìba ibi sísùn jẹ́. Ẹ fi ẹyọ kan síbẹ̀, tí ṣáwà àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì jọ wà nínú àpótí kan, kí ẹ fi tọ́ílẹ́ẹ̀tì onípótí sínú kábọ́ọ̀dù.

Nínú bọ́ọ̀sì oní mítà 12, ẹyọ kan àbọ̀ ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ kí tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjèèjì fẹ̀yìn kanra, ògiri kan láàárín wọn, kí táǹkì kan ṣoṣo wà lábẹ́ wọn. Páìpù á kúrú, fáàfù á jẹ́ ẹyọ kan, pulọ́ḿbà á sì rí gbogbo rẹ̀ lójú kan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lẹ táìlì: gbígbọ̀n ọkọ̀ á fọ́ ọ kí ẹ tó dé Kábbà. Fáíbà tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí wọ́n fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀, kó dà gẹ̀rẹ̀ sí ojú ihò. Kí páìpù tó ń gbé òórùn jáde sì gba orí òrùlé.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù

- Fífi fáàfù ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Omi á ṣàn lọ, èyí tó le á dúró, á sì gbẹ bí òkìtì ọ̀gán. Ẹ tì í pa títí táǹkì yóò fi tó ìdá méjì nínú mẹ́ta.
- Dída Jik sínú táǹkì. Bí ó bá pàdé ìtọ̀ tàbí ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, èéfín olóró ló ń mú jáde. Ibi tó há bẹ́ẹ̀ léwu. Ó sì tún ń pa àwọn kòkòrò tó ń jẹ ìdọ̀tí nínú sókàwéè. Oògùn táǹkì tí fọ́málíìnì wà nínú rẹ̀ ń ṣe bákan náà.
- Gbígbẹ́kẹ̀lé iná tó ń sọ bí táǹkì ṣe kún. Tíṣù máa ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, ó sì máa ń purọ́. Ẹ máa ka ọjọ́.
- Gbígbàgbé ojú ihò nígbà ọyẹ́. Bí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀ ní oṣù kejìlá sí kejì, omi tó máa ń dúró níbi tí páìpù ti tẹ̀ lábẹ́ ojú ihò á gbẹ, òórùn táǹkì á kún inú ọkọ̀. Ẹ da ife omi kan àti ṣíbí òróró kan sínú ojú ihò kọ̀ọ̀kan.
- Ríra balùwẹ̀ méjì nígbà tí ẹ ò ní sun ojú ọ̀nà. Bí ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì tàbí àgbàlá ẹbí lẹ ó máa sùn sí lálaalẹ́, balùwẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹyọ kan tó, ẹ sì má sun etí títì.

## Kí ẹ tó rin ìrìn àjò àkọ́kọ́

1. Ẹ wá ojú sókàwéè ilé yín, kí ẹ mọ̀ bóyá ọkọ̀ lè sún mọ́ ọn. Bí kò bá lè sún mọ́ ọn, ẹ bá àwọn afasókàwéè sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ẹ mọ̀ bóyá hóòsì wọn bá ẹnu páìpù yín mu.
2. Ẹ bu omi kún táǹkì, kí gbogbo ìdílé sun inú ọkọ̀ lóru ọjọ́ méjì nínú àgbàlá yín, pẹ̀lú slide ní títì. Ẹ ti ilẹ̀kùn ilé, kí ẹnikẹ́ni má sá wọlé lọ wẹ̀.
3. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló jí ta ní òru, níbo ni ìtò ti wà láàárọ̀, wákàtí wo ni omi tán.
4. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ so hóòsì mọ́ ọn, ẹ ṣí fáàfù ìgbọ̀nsẹ̀ ṣáájú. Nígbà tó bá dá, ẹ ṣí ti táǹkì omi ìwẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó fọ inú hóòsì náà.
5. Ẹ ti fáàfù méjèèjì, ẹ da bíi bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan padà sínú táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ kí ìdí rẹ̀ má gbẹ, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀.